Aró Tó Gun Ọ̀já

"Ààlọ́ o."

"Ààlọ̀."

Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn tá a jọ ń gbè é nílé wa ti fọ́n ká. Àlọ́ mi rìn títí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ẹtu.

Ẹnì kan da aró dúdú sí aṣọ funfun Ẹkùn, ọba ìlú. Aláró mẹ́ta ló wà nílùú: Ẹtu, Ewúrẹ́ àti Ọ̀bọ.

Ọ̀bọ ní, "Ẹtu ni, Kábíyèsí. Ẹ lé e lọ."

Ẹtu sunkún: "Ibo ni kí n kó àwọn ọmọ mi gbà?"

Ìgbín, àgbà ìlú, kán aró àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ọ̀já funfun kan, ó fún ti aṣọ ọba sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gbé ọ̀já kọ́ kí etí rẹ̀ kan omi. Omi ń gun ọ̀já, Ìgbín ń kọrin:

Ẹni fẹ́ omi, bómi lọ—
Jálankátó.
Ẹni fẹ́ aṣọ, dúró taṣọ—
Jálankátó.

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín: "Bàbá Onírìn-jẹ́jẹ́, dúdú ṣá ni dúdú."

Àṣé dúdú ń tú ká. Ti Ẹtu jẹ́ búlúù nìkan. Ti Ewúrẹ́ ya búlúù àti pupa. Ti Ọ̀bọ ya búlúù, pupa àti iyeyè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti aṣọ ọba.

Ọ̀bọ ló fi ìlú sílẹ̀. Ẹtu àtàwọn ọmọ rẹ̀ sùn sílé wọn.

Ọ̀nà jíjìn ti ya èmi náà kúrò lára àwọn tá a jọ gbéra. Ṣùgbọ́n bí òṣùpá bá yọ báyìí, mo mọ ibi tí kálukú dúró sí. Bí mo bá purọ́, kí omi má gun aṣọ mọ́.