Ọwọ́ Àwẹ̀ró àti Abẹ Bàbá Rẹ̀

Ní ìlú Ìdí-Òro, olóòlà kan wà tí ń jẹ́ Ògúnrìndé. Ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ilà kíkọ débi pé kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ilà ti pé lójú rẹ̀. Èyí wọ̀ ọ́ lẹ́wù púpọ̀. Ó gbà pé kò sí ohun tí ó lè hù sára ènìyàn tí abẹ kò lè yanjú. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí ni Àwẹ̀ró, inú abọ́ kan náà ni òun àti ọmọ sì ti máa ń jẹun.

Nígbà tí ó yá, kókó kékeré kan yọ sí ìka ọwọ́ ọ̀tún Àwẹ̀ró. Ó le, orí rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka bí èèpo igi. Kò dun ọmọ náà. Ìyá Ògúnrìndé, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ní kí wọ́n máa rẹ ìka náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n sì máa fi òkúta ha á díẹ̀díẹ̀, pé bó pẹ́ bó yá yóò kúrò.

Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín. “Ìyá, títí di ìgbà wo ni ẹ fẹ́ kí n máa rẹ kókó? Ohun tí abẹ yóò mú kúrò kí a tó ṣẹ́jú.”

Ó gé e. Àwẹ̀ró ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Egbò náà jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n kókó padà wá, ó sì kó àwọn àbúrò rẹ̀ dání. Ojú ti olóòlà, ló bá tún gé wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìka wú, ó kún fún ọyún. Nígbà tí ó rọlẹ̀, kókó mìíràn yọ, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ògúnrìndé wá sọ ọ́ di ìjà, ó gbàgbé pé ọwọ́ ọmọ òun ni pápá ìjà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń jẹun, Àwẹ̀ró jókòó sẹ́yìn ìyá àgbà, kò sún mọ́ abọ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Ògúnrìndé mú ẹran, ó ní kí ó wá gbà á. Ọmọ náà dìde, ó sì na ọwọ́ òsì sí bàbá rẹ̀.

Ọmọ tí a kọ́ kì í na ọwọ́ òsì sí ẹni tí ó bí i. Ògúnrìndé ti la ẹnu láti bá a wí, kí ó tó rí i pé ó fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sẹ́yìn.

“Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú,” ni Àwẹ̀ró wí. “Bí mo bá nà án, ẹ ó gé e.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ògúnrìndé wọra. Kò lè jẹun mọ́.

“Àjàó,” ni ìyá rẹ̀ fi oríkì pè é, “koko ni kókó le tẹ́lẹ̀, o tún wá fi agbára lé e. Ọmọ tó ń sá fún ọ yìí ńkọ́, abẹ wo lo fẹ́ fi mú un padà?”

Láti ọjọ́ náà, Ògúnrìndé fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀ láràárọ̀. Àwẹ̀ró kò kọ́kọ́ jẹ́ kí ó fọwọ́ kan òun. Ìyá àgbà ni ó ń fi òkúta ha á, bàbá á sì jókòó tì wọ́n. Nígbà tó ṣe, ọmọ gbà kí bàbá máa bá òun di aṣọ mọ́ ìka náà. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, kókó rọ̀, ó fẹ́lẹ́, ó sì kúrò láìsí ẹ̀jẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan bàbá rẹ̀ láìjẹ́ pé bàbá pè é, ó ní kí ó wò ó.

Ẹni tí ó bá tún gbé ọmọ wá fún olóòlà pé kí ó bá òun gé irú kókó bẹ́ẹ̀, ìtàn yìí ni ó máa ń sọ fún un kí ó tó dá a padà sílé. Lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú, koko ní í le.