Ọ̀wẹ̀ Ọlọ́kọ́ Kan

Ẹ jẹ́ n fi Fadérera ọmọ wa yangàn. Ọ̀gá Oyèkànmí, tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn, pàṣẹ fún Fadérera, ẹni tó dé kẹ́yìn nínú àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà: kí èsì ìdánwò gbogbo ilé ẹ̀kọ́ jáde kó tó di ọ̀sán, kó má sì yí lẹ́tà kan padà nínú ètò kọ̀ǹpútà tí òun fọwọ́ ara òun kọ láti ṣírò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ. "Ọmọṣẹ́ mẹ́jọ ni mo kọ sínú ètò yẹn, tí wọn yóò jọ máa ṣírò máàkì lẹ́ẹ̀kan náà," ló ń fọ́nnu, "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" Fadérera ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó jókòó, ó wo ètò náà bó ti ń wọ́ bí ìgbín. Èdè tí ọ̀gá fi kọ ọ́, ògbufọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń bá ètò wá nígbà tí a bá ṣí i ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Bó bá ń túmọ̀ fún ọmọṣẹ́ kan, àwọn méje yòókù á káwọ́ gbera. Fadérera kò fọwọ́ kan lẹ́tà kankan. Ó ṣí odidi ètò náà lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìkọ̀ọ̀kan lè ní ògbufọ̀ tirẹ̀, ó sì pín àwọn ilé ẹ̀kọ́ fún wọn. Tíì tí ọ̀gá ń mu kò tíì tutù tí èsì fi pé. "Kí lo yí padà?" lọ̀gá kígbe. Fadérera kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "N kò yí nǹkan kan padà, sà. Àgbájọ ọwọ́ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀, tó wá gbé ọkọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀, òǹwòran ló bẹ̀."