Ìdí Tí Páàdì Bíréèkì Fi Ń Ké Tí Kò Sì Lè Sọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè wọ ìlú Òkè-Àfọ̀n, páàdì bíréèkì kì í ké. Ó ń sọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an, bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, fèrè ń han, táyà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n àárín ara wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ra wọn yé. Páàdì nìkan ló gbọ́ èdè ènìyàn. Ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ sọ pé, "Dúró," páàdì ló ń dá a lóhùn.

Iṣẹ́ páàdì kò rọrùn. Lẹ́yìn táyà iwájú, àwo irin kan wà níbẹ̀ tí ó ń yí bí táyà bá ti ń yí. Díìsìkì ni orúkọ rẹ̀. Páàdì méjì ló fi í sáàárín, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, àwọn méjèèjì a fún díìsìkì mọ́ àárín títí táyà yóò fi dúró. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fún un, díẹ̀ a jẹ lára wọn. Bí ọṣẹ ṣe ń tán lọ́wọ́ ẹni tí ń fọṣọ, bẹ́ẹ̀ ni páàdì ṣe ń tán.

Bí ó bá wá ku díẹ̀ kí ara rẹ̀ tán, a ké sí ọlọ́kọ̀. A ní, "Ọ̀gá mi, mo ti gbó o. Ẹ wá ẹlòmíràn sí ipò mi." Ọlọ́kọ̀ a yọ ọ́ nínú àgbàlá ara rẹ̀, a fi tuntun sí i. Ọ̀rọ̀ a parí síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Àfọ̀n tí ń jẹ́ Lábíyì. Òun ló kọ́kọ́ ní ọkọ̀ ní ìlú náà. Ọkọ̀ pupa ni, ó ń dán yinrinyinrin. Lábíyì a máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, a tún máa fi aṣọ funfun nù ún. Bí ó bá ń wa ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó fẹ́ kí gbogbo ojú yí sí òun.

Lábíyì ní àbúrò kan ṣoṣo, Oyèkànmí. Alágbẹ̀dẹ ni. Ìdí òkè gan-an ni àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú. Òun ló ń rọ páàdì fún gbogbo ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ náà. Ìyá wọn, Ìbíwùmí, ń gbé lọ́dọ̀ Lábíyì lórí òkè. Ọmọ méjì péré ni ìyá náà bí láyé.

Ní ọjọ́ kan, Lábíyì wa ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbà ìlú jókòó sábẹ́ igi ọdán. Ó tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè rí òun dáadáa. Ibẹ̀ ni páàdì táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ti gbóhùn sókè.

"Ọ̀gá mi, mo ti gbó o! Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Àwọn àgbà wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Lábíyì, ọkọ̀ rẹ mà ń bẹ̀ ọ́ o! Àṣé ìta nìkan ló ń dán."

Ẹ̀rín náà ta Lábíyì lára bí ìtakùn wèrèpè. Ó yí ọkọ̀ padà, ó gòkè lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Oyèkànmí gòkè wá bá a. Ó di páàdì tuntun mẹ́rin sínú àkísà, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ohùn páàdì yín láti inú àgbẹ̀dẹ. Mo ti rọ tuntun fún yín. Àgbàlá yín níbí náà lẹ ó ti ṣe é. Ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, kí ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà iwájú díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Bí ẹ bá fẹ́, n ó bá yín ṣe é."

"Ìwọ náà gbọ́ ọ?" ni Lábíyì wí. Kò tilẹ̀ tú àkísà náà wò. "Bó bá dé etí rẹ nínú ariwo irin, gbogbo ìlú ti gbọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kò bá ìlú sọ nǹkan kan."

"Bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la, wọn á ní ẹ̀rín àwọn ló lé mi débẹ̀. Ìgbà tó bá wù mí ni n ó ṣe é."

Oyèkànmí kò jiyàn. Ẹni tó bá juni lọ, a kì í fi ọ̀rọ̀ gún un lójú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ìyá wọn ti ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Lábíyì, ẹni tó ń pariwo kí o má bàa ṣubú, ṣé ọ̀tá rẹ ni?"

Lábíyì ti àkísà náà sábẹ́ ibùsùn.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Páàdì kò dákẹ́. Níwájú ààfin, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú mi." Lẹ́bàá odò, ó ní, "Ọ̀gá mi, n kò nípọn ju èékánná lọ mọ́!" Àwọn ọmọdé sọ ọ́ di orin. Bí wọ́n bá ti rí Lábíyì, àní bó bá tilẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, wọn a pariwo pé, "Ọ̀gá mi, mo ti gbó o!" Wọn a sì sá lọ.

Nínú táyà lọ́hùn-ún, ara díìsìkì ti ń bó.

"Irin ẹ̀yìn rẹ ti ń họ mí," ni díìsìkì wí fún páàdì. "Báwo lo ṣe ń pe ẹni tí kò fẹ́ jẹ́? Bó bá ṣe èmi ni, n ó dákẹ́, kí ojú rẹ̀ rí ohun tó ń wá."

"Bí mo bá dákẹ́," ni páàdì dáhùn, "ojú ta ni yóò rí i? Ọlọ́kọ̀ nìkan kọ́ ló wà lọ́nà."

Nígbà tí ọdún ìlú ku ọ̀la, Lábíyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Ó mọ̀ pé gbogbo ìlú ni yóò pé sí ìdí òkè lọ́jọ́ ọdún, àwọn àlejò pẹ̀lú.

"Dákẹ́ fún mi lọ́la nìkan," ló sọ fún páàdì. "Ọ̀la nìkan ṣoṣo. Bí ọdún bá ti kọjá, n ó pààrọ̀ rẹ."

Páàdì dá a lóhùn.

"Ọ̀gá mi, mo lè dákẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè nípọn. Páàdì tuntun wà lábẹ́ ibùsùn yín. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹ pààrọ̀ mi nísinsìnyí, ẹ ó sì rí i pé n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé."

Ohun tó dun Lábíyì jù ni pé òótọ́ ni páàdì sọ. Inú bí i. Ó dìde, ó gbé agolo ọ́ìlì tí ó ń dà sí ẹ́ńjìnnì, ó sì dà á gbuurugbu sí àárín páàdì àti díìsìkì. Ó dà á sí páàdì lẹ́nu.

"Ọ̀gá mi!" ni páàdì kígbe. "Iṣẹ́ ìdúró lẹ gbé fún mi, ẹ wá ń fi ohun tó ń yọ̀ ..."

Ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́fun. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Lábíyì nu ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ló wu òun.

Ilẹ̀ ọjọ́ ọdún mọ́. Lábíyì wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó kọrí sí ìsàlẹ̀ òkè.

Oyèkànmí ní ìṣe kan. Bí ó bá ti gbọ́ ohùn páàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti agbedeméjì òkè, a kúrò lójú ọ̀nà, a sì lé àwọn ewúrẹ́ kúrò pẹ̀lú. Ní òwúrọ̀ yìí, nígbà tí èrò ọdún kò tíì pé, àpò èédú rẹ̀ ya sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa èédú náà. Ó kẹ̀yìn sí òkè. Kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì ń fara balẹ̀ ṣa á.

Lábíyì tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ kò dẹwọ́. Ó tún un tẹ̀, bíréèkì kò mú. Páàdì ń fi gbogbo agbára fún díìsìkì, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ti gbà á, ṣe ló ń yọ̀ bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀. Lábíyì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gan mọ́ ìdarí ọkọ̀, kò rántí fèrè. Ó rí ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ tó ń tóbi sí i níwájú rẹ̀.

Páàdì náà rí i. Ó fẹ́ pariwo pé, "Oyèkànmí, yà!" Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń yọ̀ tó sì ń họ ni gbogbo ara rẹ̀ ti gbóná, ọ́ìlì ẹnu rẹ̀ sì gbiná. Ahọ́n rẹ̀ jóná. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́.

"Kíìììììn!"

Oyèkànmí gbọ́. Ó nàró. Ó ti mọ ohùn páàdì láti ìgbà tó ti ń rọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ irú èyí rí. Ó rò pé àwòdì ló ń ké. Ó gbójú sókè, ó ń wá a ní ojú ọ̀run.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti gbá a.

Ògiri àgbẹ̀dẹ ló dá ọkọ̀ náà dúró. Lábíyì jáde, kò fi ibì kan ṣèṣe. Ó sáré padà sí ojú ọ̀nà, ó gbé orí àbúrò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Oyèkànmí kò dáhùn.

Wọ́n sin Oyèkànmí. Kò sí ọdún mọ́ ní ìlú.

Ìyá wọn kò sunkún níwájú Lábíyì. Nígbà tí àwọn tó wá kẹ́dùn lọ tán, ó ká ẹní rẹ̀.

"Ọmọ méjì ni mo bí," ló wí. "Ọ̀kan ti kú. N kò mọ orúkọ tí n ó máa pe èkejì."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí àgbẹ̀dẹ, ó ń gbé ibẹ̀ láàárín irin tútù. Kò jẹun nílé Lábíyì mọ́ títí ó fi kú.

Wọ́n ti fi okùn wọ́ ọkọ̀ náà padà sí àgbàlá Lábíyì. Ní ọjọ́ kẹjọ, Lábíyì fa àkísà náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, ó dẹ nọ́ọ̀tì, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó yọ táyà iwájú. Ó tú irin tó di páàdì mú, ó fi okùn so ó rọ̀ kí ó má bàa fa rọ́bà omi bíréèkì já. Ó fi aṣọ funfun rẹ̀ nu ọ́ìlì kúrò lára díìsìkì títí aṣọ náà fi dúdú. Iṣẹ́ náà kò le. Oòrùn kò tíì mú nígbà tí ó ṣe é dé ìdajì. Èyí ló dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó gbé páàdì àtijọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹnu rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Sọ̀rọ̀," ni Lábíyì bẹ̀ ẹ́. "Bú mi. Bú mi níwájú gbogbo ìlú."

"Kíìn," ni páàdì wí.

Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tuntun. Ìṣe àwọn páàdì nígbà náà ni pé èyí tó ń lọ a kọ́ èyí tó ń bọ̀ ní èdè ènìyàn. Àwọn tuntun sún mọ́ ọn.

"Bàbá," ni wọ́n wí, "kí ni kí a sọ lọ́jọ́ tí ara wa bá fẹ́ tán?"

Páàdì àtijọ́ gbìyànjú. Ó la ẹnu rẹ̀ tó jóná. "Kíìn." Ó tún un ṣe. "Kíìn." Omijé ì bá bọ́ lójú rẹ̀ bí irin bá lómijé.

Àwọn tuntun rò pé èdè ènìyàn nìyẹn. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. "Kíìn," ni wọ́n wí. "Kíìn, kíìn."

"Rárá!" ni Lábíyì pariwo. Ó kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní, 'Ọ̀gá mi, mo ti gbó.' Ẹ wí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí i."

Ṣùgbọ́n ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn? Ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì kò ní ahọ́n mọ́. Lábíyì fi wọ́n sí àyè wọn, ó dá táyà padà, ó tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sì wa ọkọ̀ náà kọjá ẹnubodè ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oyèkànmí ló ń rọ páàdì fún gbogbo ilẹ̀ náà, kò sì sí Oyèkànmí mọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ara páàdì Lábíyì ni wọ́n wò kí wọ́n tó rọ tiwọn. Ọ̀dọ̀ àwọn páàdì Lábíyì náà ni páàdì tiwọn ti kọ́ ọ̀rọ̀.

Lábíyì dàgbà, ó darúgbó. Bí ó bá gbọ́ tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ń ké bó ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè, a sáré bọ́ sójú ọ̀nà, a máa fi ọ̀pá rẹ̀ júwe táyà iwájú. "Ó ní òun ti gbó! Ẹ yà sílé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀!" Àwọn awakọ̀ a ní orí baba arúgbó yìí ti yí. Wọn a wà á kọjá lọ.

Láti ọjọ́ náà ni páàdì bíréèkì kò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ara rẹ̀ bá fẹ́ tán, ṣe ló ń ké. Kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń wí, àfi ẹni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè nínú àgbàlá, tó yọ táyà, tó sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó.