Ọ̀bẹ Ọwọ́ Ọdẹ́yalé

"Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ." Gbogbo wa là ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́? Àwọn ọdẹ ní àwọn ni. Èmi kò gbà. Obìnrin tí kò fọwọ́ kan ọfà rí ló sọ ọ́.

Ní ayé ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá oko, àwọn èèyàn kan ń gbé inú igbó. Àwọn ọkùnrin ń ṣọdẹ. Àwọn obìnrin ń wa iṣu igbó, wọ́n ń he ìgbín àti olú. Èèwọ̀ wọn kan ni pé ẹni tó pa ẹran kò gbọdọ̀ gé e. Ṣe ni yóò kọ ẹ̀yìn sí i, tí àgbà obìnrin yóò sì pín in kárí. Àwẹ̀ró ló ń pín in nígbà náà.

Lọ́dún kan tí ẹran wọ́n, Ọdẹ́yalé tọpa ìgalà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó máa fi gbé e délé, ó ti rù kan egungun. Kò kọ ẹ̀yìn. Ó fa ọ̀bẹ yọ.

"Ẹnikẹ́ni kò ní tọ́ ọ wò," ló wí. "Ẹ̀gún gún mi, ìjàlọ jẹ mí, omi ojú ẹsẹ̀ ẹran ni mo mu. Níbo lẹ wà?"

Gbogbo wọn mọ̀ pé Ọdẹ́yalé kì í pẹ́ bínú. Ebi sì ń pa àwọn ọmọ. Ẹran ni wọ́n tẹjú mọ́. Ni Àwẹ̀ró bá dìde, ó lọ dúró ti ẹran náà gbagidi. Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibí yìí.

"Ọdẹ́yalé, bó o bá fẹ́ gún mi, gún mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi ìyàwó rẹ ní ohun tí òun àtàwọn ọmọ rẹ jẹ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Ìyàwó rẹ̀ dorí kodò. "Iṣu tí Ìyá Àwẹ̀ró wa ni."

Àwẹ̀ró na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Èékánná méjì ti ká kúrò níbẹ̀, ìka kan sì wú bọ̀ǹbọ̀, níbi tí àkeekèé ti ta á lẹ́nu ihò iṣu.

"Ṣé mo ka ìyà mi fún wọn kí n tó bù fún wọn? Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ká ní èmi náà rò ó ni, òkú àwọn ọmọ rẹ ni ìwọ ìbá bá nílé. Gbé ọ̀bẹ yẹn wá!"

Ọdẹ́yalé wo ìka náà títí. Ó gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ẹran.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí ẹni tó jìyà kó tó rí jẹ bá fẹ́ fi ìyà náà ṣe àwáwí ahun. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ fún wọn jẹ, torí ẹnìkan ló bọ́ ilé rẹ̀ nígbà tó wà nígbó.