Ilé Ẹṣin Jagùnnà

Jagùnnà Olúgbòde ti ìlú Ìlasà-Odò kò bẹ̀rù ogun, kò bẹ̀rù ẹkùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹṣin ń bà á. Èyí burú, nítorí ọba fẹ́ yan Balógun Ẹlẹ́ṣin tuntun, oyè náà sì ń wu Jagùnnà jẹ. Ó gba òkè Ọya lọ láti ra ẹṣin. Gbogbo èyí tó gùn níbẹ̀ ló dà á sílẹ̀ bí ẹni da omi ìdọ̀tí nù. Nígbà tí ìbàdí rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onísùúrù kan, ó fi aṣọ bò ó lórí, ó sì mú un wọ̀lú nígbà tí gbogbo èèyàn wà lóko.

Ó kọ́ ilé fún un: ògiri yíká, ilẹ̀kùn kan, kò sí fèrèsé. Fìtílà kan ló gbé síbẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì gbé e sí, kí ẹni tó bá yọjú má baà rí ju pátákò lọ.

Àwẹ̀ró, ìyálé rẹ̀, nìkan ló mọ àṣírí náà.

"Bàbá Fọlárìn," ó ní, "iná láàárín koríko gbígbẹ? Ṣé ẹ fẹ́ jó wa mọ́lé ni? Ẹ gbé e kọ́ sókè. Ẹ dá fèrèsé síhìn-ín, ẹ dá òmíràn sọ́hùn-ún, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibí wọlé, kó gba ibẹ̀ jáde. Òórùn ìtọ̀ yìí á pa ẹran yìí."

"Bí àwọn èèyàn bá yọjú ńkọ́?"

"Imú ẹran ni mò ń sọ, ẹ̀yin ń sọ ojú èèyàn!"

Jagùnnà kọ etí ikún. Nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ké, tí àwọn ará àdúgbò bá béèrè irú ẹṣin tó ń ké báyẹn, á dáhùn pé, "Ará òkè Ọya ni. Ṣé èdè yín ló máa sọ ni?"

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹran náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó dùbúlẹ̀, kò jẹun mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe Jagùnnà. Ó gbé fìtílà kọ́ sókè, ó dá fèrèsé méjèèjì, àmọ́ ó fi ẹní bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń gba ara ẹní wọlé mú kí ẹran náà tún dìde dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọba rán Àgbàakin, arúgbó ìjòyè, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wá wo ẹṣin. Jagùnnà na agbádá sẹ́nu fèrèsé.

"Ẹ má bínú, Bàbá, ó ń sùn ni. Bí ẹ bá jí i lójijì, ó lè tẹ èèyàn pa."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ìjì fi dé. Ó gba fèrèsé kan wọlé, ó gba ìkejì jáde, gẹ́lẹ́ bí Àwẹ̀ró ṣe wí. Ẹní já, ó sì dé Jagùnnà lórí. Àgbébọ̀ kan bà sójú fèrèsé náà, ó kẹ̀yìn sí àwọn àlejò. Ìjì gbé gbogbo ìyẹ́ ìdí rẹ̀ sókè, ìhòòhò ìdí rẹ̀ hàn gbangba. Lókè ẹ̀yìn rẹ̀, etí gígùn méjì yọ, igbe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì gba gbogbo agboolé.

Ta ni yóò pe ìjòyè ní onírọ́ nínú ilé ara rẹ̀? Àgbàakin wo etí, ó wo ẹní tó ń gbọ̀n, ó wá tẹjú mọ́ adìẹ. Ó rọra sọ gbólóhùn kan. Lábẹ́ ẹní, Jagùnnà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹlòmíràn ló jẹ Balógun Ẹlẹ́ṣin. Jagùnnà ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ sóko lójú gbogbo ayé, ìbàdí rẹ̀ sì sinmi. Gbólóhùn Àgbàakin ni àwọn àgbà sọ dòwe títí dòní, bí àṣírí bá tú: "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ."