Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn Máṣíìnì Láòyè

Láòyè ará Ayékalẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò tíì sí nǹkan kan tó bàjẹ́ tó gbà pé ẹ̀bi òun ni. Bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu rẹ̀, ewúrẹ́ ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí òrùlé rẹ̀ bá ń jò, òjò ọdún náà ló pọ̀ jù. Òrùlé yìí jò títí Àsàbí ìyàwó rẹ̀ fi kó gbogbo ìkòkò ilé sábẹ́ rẹ̀, tí kò ku ẹyọ ìkòkò kan tó lè fi se ọbẹ̀. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti ń gbéyàwó nínú yàrá. Nígbà tí ó sú Àsàbí, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ ní Ìdí-Osè.

Láòyè bẹ̀ wọ́n títí. Ó dọ̀bálẹ̀ débi pé koríko kò hù mọ́ níwájú ilé àna rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun ti tún òrùlé náà ṣe. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Alágbẹ̀dẹ nítorí pé alágbẹ̀dẹ ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ní ó dáa, òun fúnra òun yóò tẹ̀ lé e dé Ayékalẹ̀ lọ wò ó. Bí òrùlé bá ti dáa, Àsàbí yóò padà sílé ọkọ. Bí kò bá dáa, kí Láòyè lọ fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn.

Máṣíìnì ni Láòyè fi ń ṣe ẹsẹ̀ rìn, máṣíìnì yìí sì ti rí bí adìẹ tó ń sàba. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe onísípíríìngì. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ táyà, kí ó lè máa gbé ìjókòó sókè. Kò gbé nǹkan kan sókè mọ́. Irin tó bo táyà ẹ̀yìn ń wọ́ nílẹ̀ débi pé àwọn ará ọ̀nà kò gbálẹ̀ ojúde wọn mọ́, Láòyè ni wọ́n ń retí kó kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í, á ní ọ̀nà ni kò dáa.

Ìyá Alágbẹ̀dẹ kì í ṣe èèyàn kékeré. Bí ó bá fẹ́ jókòó, àga á kọ́kọ́ gbàdúrà. Bí ó ti gbé ìdí lé ẹ̀yìn máṣíìnì ni iwájú rẹ̀ nà sókè bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé, ojú ọ̀run ni Láòyè sì ń wò dípò ọ̀nà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní, “Ìyá yìí mà wúwo o.” Ṣùgbọ́n àna ni àna. Ta ló jẹ́ sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé ó wúwo, pàápàá nígbà tí ìyàwó ṣì wà lọ́wọ́ ìyá?

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí táyà fi bẹ̀rẹ̀ sí ha irin, tí òórùn rọ́bà gba gbogbo ọ̀nà kan.

“Ọkọ ọmọ mi, kí ló ń jóná?”

“Wọ́n ń sun oko ni, Màámi.”

“Oko táyà?”

Nígbà tí wọ́n dé oríta, èéfín ti ń tẹ̀ lé wọn bí ìrù, kò sì sí bí Láòyè ṣe fẹ́ ṣe é, ó yà sọ́dọ̀ Mufú mẹkáníìkì. Mufú tẹ ìjókòó náà mọ́lẹ̀. Ìjókòó lọ sílẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò pọn omi. Mufú fi ọwọ́ nu ara ṣọ́ọ̀kì, ọ́ìlì yí i lọ́wọ́. Ó ní rọ́bà tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́nú ti gbó, afẹ́fẹ́ ti ń sá jáde, ọ́ìlì sì ń sìn ín sọ́nà. Ó tú u, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó gbé pọ́ǹpù wá. Ìgbà náà ló wá béèrè ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó béèrè.

“Ẹni tó máa ń jókòó lẹ́yìn, báwo ló ṣe wúwo tó? Bó bá ṣe wúwo tó ni mo ṣe máa fẹ́ ẹ.”

Láòyè wo Ìyá Alágbẹ̀dẹ, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Mufú, tó ń jẹ ẹ̀pà. Inú bí i sí Mufú. Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà láyé, èyí ló rí bi òun.

“Kò wúwo rárá,” ló sọ, ó sì gbé ohùn sókè kí àna rẹ̀ lè gbọ́. “Bí ìgbà tí ẹyẹlé méjì bá bà lé e.”

Mufú wo ìyá, ó wo Láòyè, ó tún wo ìyá. Òun náà ní àna. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹyẹlé méjì sí i, ó ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà.

Ó rìn dáadáa títí wọ́n fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò. Níbẹ̀ ni máṣíìnì ti gun òkúta kan, tí ẹ̀yìn wọlẹ̀ gbì, irin há táyà mọ́lẹ̀, máṣíìnì dúró. Àwọn méjèèjì kò dúró. Wọ́n fò, wọ́n sì pẹ́ lókè débi pé Láòyè rí òrùlé ilé rẹ̀ láti ibẹ̀, tòun ti ihò tó wà lórí rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n balẹ̀ sí.

Láòyè dìde, ó kọjú síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí bú. Ó bú ọ̀nà, ó bú àwọn tó la ọ̀nà, ó bú òkúta, ó bú ìyá tó bí òkúta. Ìyá Alágbẹ̀dẹ kò bú nǹkan kan. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó rọra yí ọrùn padà. Ó wo ṣọ́ọ̀kì tó ti wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, títí dé oríta.

“Láòyè.”

“Màámi, ẹ ò rí òkúta burúkú yìí bí?”

“Fi òkúta sílẹ̀. Nígbà tí Mufú béèrè bí mo ṣe wúwo tó, kí lo wí?”

Láòyè fọwọ́ họrí. Ó ní òun kàn sọ pé wọ́n fúyẹ́ díẹ̀ ni.

“Díẹ̀ báwo?”

“Ẹyẹlé, mà.”

Ìyá wo ihò tí ìdí rẹ̀ gbẹ́ sínú ẹrẹ̀. “Ta ló rán ọ níṣẹ́ ẹyẹlé? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fẹ́ ẹwìrì ọkọ mi títí ó fi kú. Irin kékeré ní ìwọ̀n atẹ́gùn tirẹ̀, irin ńlá ní tirẹ̀. Irin ńlá ni mí, Láòyè. Ọ̀wọ̀ tí o bù fún mi ló gbé mi sínú ẹrẹ̀ yìí.” Ó mí kanlẹ̀. “Òrùlé ńkọ́? Ṣé o gun òkè lọ tún un ṣe?”

“Láti ọjọ́ tí Àsàbí ti lọ, kò jò mọ́ rárá, Màámi.”

“Kí ló dé tí kò fi jò?”

“Ẹ̀ẹ̀rùn dé ni, mà.”

Ìyá Alágbẹ̀dẹ pòṣé kan, gbogbo àkèré inú odò dákẹ́. Ó ní kí Láòyè ti máṣíìnì padà sí oríta, òun sì ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó gun ẹ̀yìn máṣíìnì fúnra rẹ̀, ó ní, “Mufú, èmi ni ẹyẹlé náà. Fẹ́ ẹ.” Mufú fẹ́ ẹ títí òógùn fi bo ojú rẹ̀. Bí ìyá bá mi ara, ìjókòó á lọ sílẹ̀ díẹ̀, á tún gbéra padà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, máṣíìnì nàró bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n gbà dé Ayékalẹ̀, òkúta rẹ̀ kò dín ẹyọ kan, irin kò sì ha táyà lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Alágbẹ̀dẹ kò wọlé. Ó na ìka sí òrùlé, Láòyè sì gun òkè. Nígbà tó kan páànù tán, ìyá wọ yàrá, ó jókòó ságbede méjì rẹ̀ láìbo orí, ó ní kí Láòyè máa pọn omi dà sórí ilé, òun fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ló pọ̀ jù lóòótọ́. Láòyè da omi títí odò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ̀kán kan kò kán sí ìyá lórí. Ìgbà náà ló tó rán an pé kó lọ gbé ìyàwó rẹ̀ wá.

Nígbà tí Àsàbí dé, ó béèrè ohun tó fi ẹrẹ̀ kun ìró ìyá rẹ̀. Ìyá ní, “A ṣubú ni. Ọkọ rẹ kọjú síwájú, ó ń bá òkúta jà. Èmi wẹ̀yìn.”

Àwọn kan ń jiyàn pé ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ yìí ti wà kí òyìnbó tó gbé máṣíìnì dé. Kí wọ́n lọ bi Láòyè. Láti ọjọ́ ẹrẹ̀ yẹn ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn.