Gbèsè Àgbàdo Òkété

Ààlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é: “Ó kù!”

Òkété ń kó àgbàdo rẹ̀ pamọ́ sí àká Ìkookò. Lọ́dún ọ̀dá, tirẹ̀ tán, ó ku irúgbìn nìkan, ó bá yá apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ Ìkookò. Ìkookò ní èlé rẹ̀ jẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan lóṣooṣù.

Lóṣù kìíní, Òkété bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ gba àgbàdo, ó san ọ̀kan.

“Èlé nìyẹn,” ni Ìkookò wí.

Gbèsè ńkọ́? Ó kù!

Lóṣù kejì, ó fi oúnjẹ alẹ́ du ara rẹ̀, ó san méjì. Gbèsè ńkọ́? Ó kù!

Lóṣù kẹta, ó kó irúgbìn rẹ̀ kún un, ó san mẹ́ta. Gbèsè tán, Òkété sùn fọnfọn.

Òjò àkọ́rọ̀ ló jí i. Kò ní hóró kan tó máa gbìn. Ó tún gba ilé Ìkookò lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́…”

“Mo ti wọn apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà tí o san dè ọ́ láti yá,” ni Ìkookò wí.

Gbèsè ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé tí ẹ ò gbè é mọ́?